Orúkọ Tí Màdáàmù Fún Ọmọ Mi

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Benin ni oúnjẹ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, ìyàwó onílé wa gbé àwo kan wá fún mi, ó ní kí n jẹun. Mo ṣí i, mo rí sítáàṣì. Sítáàṣì gidi, èyí tí a fi ń rẹ aṣọ nílé wa kó lè dúró ṣánṣán! Wọ́n fi epo rò ó títí ó fi pọ́n, wọ́n wá bu ọbẹ̀ ẹyìn sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo wo obìnrin náà, òun náà ń wò mí. Mo ní nínú ara mi pé, "Yéè, Màámi, ibo lẹ jẹ́ kí n bá ọkọ wá yìí?" Ṣùgbọ́n n kò lè dójú ti ẹni tó fún mi lóúnjẹ. Mo bù ú, mo gbé e mì. Ó dùn! Títí dòní, bí n kò bá rí i jẹ lọ́sẹ̀ kan, ó ń ṣe mí bí ẹni pé n kò jẹun rárá.

Iléṣà ni wọ́n ti bí mi. Ogun abẹ́lé ti parí fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó bá ọkọ mi lọ sí Benin, níbi tó ti ń wa lọ́rì fún ilé iṣẹ́ àwọn ará Ṣáínà kan lójú ọ̀nà Aduwawa. Abọ́ tánńganran ni wọ́n ń ṣe, àwọn abọ́ funfun olódòdó tí ìyàwó tuntun máa ń kó lọ sílé ọkọ. A gba yàrá kan nítòsí Ekenwan Road. Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé ẹni tó kọjá òkun nìkan ló wà lájò, ẹ kò mọ nǹkan kan. Ọkọ̀ tó bá gbéra ní Iléṣà láàárọ̀ á dé Benin kí oòrùn tó mú, síbẹ̀ bí ẹni tó dé ayé mìíràn ni mo rí. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀, mo kí bàbá onílé, "Ẹ káàárọ̀, sà." Bàbá náà kàn ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwọn ọmọ rẹ̀ wá kí i, ìkíni wọn yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yàrá kejì, torí pé nílùú yẹn, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní ìkíni òwúrọ̀ tirẹ̀, òun sì ni wọ́n fi ń mọ ilé tí èèyàn ti wá. Èmi kò ní ọ̀kankan. Mo padà sínú yàrá, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún.

Ọkọ mi kì í gbélé. Bí ó bá kó abọ́ lọ sí Kánò lónìí, ó di Onitsha lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú ẹnu mi, ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í dákẹ́. Ẹnu tí kò rí ẹni bá sọ̀rọ̀ a máa wúwo fún ẹni. Bí mo bá dé Oba Market, àwọn obìnrin ọjà á máa pè mí ní "Ńgbàtí! Ńgbàtí, come buy!" nítorí pé wọ́n ní gbogbo ọ̀rọ̀ àwa Yorùbá kò ju "ńgbàtí" lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, mo máa ń dá wọn lóhùn ṣàkàṣàkà, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tí í gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó ṣe díẹ̀, mo rí i pé ẹni tó ń pariwo Ńgbàtí jù ló ń fi ẹja ṣe ènì fún mi. Mo fi í sílẹ̀.

Oṣooṣù ni mo ń lọ sí ilé tẹlifóònù ìjọba láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀. Ẹni tó ni kẹ́míìsì ládùúgbò wa ní Iléṣà ló ní tẹlifóònù, yóò ránṣẹ́ sí Màámi, èmi á sì dúró lórí bẹ́ǹṣì títí wọn á fi pe orúkọ mi. Màámi gbà pé bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó ni ariwo ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, Màámi."

"Kí lò ń jẹ?"

Ta ni yóò sọ fún un pé sítáàṣì ni?

"Ṣé nǹkan ti wà ńbẹ̀?" Ìyẹn ni pé ṣé mo ti lóyún.

"Kò tíì sí, Màámi."

Yóò wá dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà á ní, "Ọlọ́run á ṣe é." Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń dùn mí ju ohun gbogbo lọ. Ní ọ̀nà ilé, mo máa ń fi gèlè nu ojú.

Ọkọ mi ló bá mi wá iṣẹ́ síbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi mí sí yàrá òdòdó, níbi tí a ti ń tẹ àwòrán sára abọ́. A ní páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tí wọ́n gé ojú òdòdó sí. A ó tẹ́ ẹ lé abọ́, a ó fọ́n ọ̀dà sí i, a ó sì rọra ṣí i kúrò. Ọ̀gá yàrá náà ni ìyàwó Máníjà. Gbogbo wa ń pè é ní Màdáàmù. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, kì í ṣe ọmọdé, irun rẹ̀ gé mọ́ etí, ṣòkòtò ló sì máa ń wọ̀ lójoojúmọ́. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ ní Hong Kong, ó ń kàwé. Píjìn la fi ń bára wa sọ̀rọ̀, tirẹ̀ ń ṣẹ́, tèmi náà ń ṣẹ́, ṣùgbọ́n Yorùbá ni n ó fi ròyìn púpọ̀ nínú rẹ̀ fún yín.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo da òdòdó kodò. Orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, gbòǹgbò wà lókè. Mo ti ń wo ilẹ̀kùn, mo rò pé ó máa lé mi. Ó gbé abọ́ náà, ó yí i po, ó ní, "This one, person wey dey stand for head go buy am." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi hàn mí bí mo ṣe máa mú páànù náà. Láti ìgbà tí mo ti dé Benin, òun ni ẹni àkọ́kọ́, yàtọ̀ sí ọkọ mi, tó di ọwọ́ mi mú. Kí ọdún náà tó parí, òdòdó tèmi ló ń jáde geere jù lọ nínú yàrá yẹn, èmi náà sì ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a ń jẹun, ó bèèrè ìtumọ̀ orúkọ mi. Mo sọ fún un. Ó yà á lẹ́nu pé odidi ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀, pé ó sọ ohun tí ojú àwọn òbí mi rí kí wọ́n tó bí mi. Mo ní, "Tiyín ńkọ́, Màdáàmù?" Ó mú ẹfun, ó kọ àmì méjì sórí tábìlì. Ó ní Ṣiuyín ni wọ́n ń pè é. Ó fi ìka tọ́ka sí àmì kìn-ín-ní, ó ní ìrẹsì ló wà lókè rẹ̀ yẹn, ìrẹsì tó ti dàgbà tó ń yọ orí, wọ́n sì ń lò ó fún ohunkóhun tó bá dára wò. Àmì kejì ni òdòdó, òun náà sì ni wọ́n ń pe ẹni tó bá ta yọ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní orúkọ ńlá ni. Ó ju ọwọ́.

"Orúkọ ńlá kọ́," ó ní. "Nígbà tí wọ́n bí mi, kò sí àdúgbò tí kò ní Ṣiuyín tirẹ̀. Bí ẹ bá pè é nínú ọjà wa, obìnrin tó máa dáhùn á pọ̀."

Mo ní bíi Fúnmiláyọ̀ tiwa nìyẹn. Mo bá pe orúkọ náà sókè bí ó ṣe pè é gẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ lọ sókè sódò bíi ti èdè wa, kò ni mí lára. Màdáàmù gbé ojú sókè, ó wò mí. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹnìkan ti pè mí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lè pè mí bẹ́ẹ̀ ti kú tán." Ó fi apá ẹ̀wù rẹ̀ nu tábìlì, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. N kò pè é bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí àwa náà kì í pe àgbà lórúkọ. Ṣùgbọ́n mo ń rò ó pé irú orúkọ tó dára tó báyìí, kí ó wá parun sáàárín Benin bí ẹni pé kò wà rí? Ó dùn mí.

Ọlọ́run ṣe é. Mo lóyún. Ẹ̀ẹ̀kan tí mo ti ní in rí, kò dúró, nítorí náà n kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Màdáàmù ló fi ojú mọ̀ ọ́n. Ó gbé mi kúrò nínú yàrá òdòdó lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní òórùn ọ̀dà kò dára fún mi, ó fi mí sí ibi tí wọ́n ti ń fi koríko wé abọ́ sínú páálí, níbi tí mo ti lè jókòó. Lójoojúmọ́, ó ń gbé omi ọbẹ̀ adìẹ aláta-ilẹ̀ wá fún mi nínú fúláàsìkì, yóò sì dúró tì mí títí n ó fi mu ún tán. Nígbà tí ọmọ mú mi lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ mi wà lọ́nà Kánò. Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò gbé mi lọ sí ọsibítù. Ó jókòó síta títí wọ́n fi jáde wá sọ fún un pé obìnrin ni, pé a ń ṣe dáadáa. Wọ́n ní ó bo ojú mọ́lẹ̀, ó sunkún bí ẹni pé òun ló bímọ.

Kí ni mo lè fi san án? Nílé wa, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan wà ní ọsibítù àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí mo wà ní kékeré. Àwọn ọmọ tí wọ́n sọ lórúkọ rẹ̀ kún àdúgbò, inú obìnrin yẹn a sì máa dùn. Mo ní èmi náà mọ ohun tí n ó ṣe. N ò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́, n ò tilẹ̀ bá ọkọ mi sọ ọ́.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Yàrá wa kò gba èrò, a tẹ́ àga sí àgbàlá. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà ní Benin wá, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa wá, àwọn onílé wa náà jókòó. Ẹsẹ̀ ń dun Màámi, kò lè wá. Mo mú Màdáàmù, mo fi í jókòó síwájú gan-an. Alàgbà ìjọ wa, tó máa ń sọ ọmọ lórúkọ fún gbogbo àwa Yorùbá àdúgbò yẹn, fi omi, iyọ̀ àti oyin gbàdúrà fún ọmọ náà. Orúkọ tí ọkọ mi fẹ́ jáde, ti àwọn àgbà jáde. Ó wá kan èmi. Mo sọ ọ́ sí Alàgbà létí, ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó gbé ọmọ sókè.

"Ṣiuyín!"

"Ṣiuyín!" ni gbogbo àgbàlá dáhùn, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn ń pè é dáadáa, ẹlòmíràn ń ṣì í pè. Wọ́n gbé ọmọ fún ìyàwó onílé. Ibi tó ti ń gbé e jó lọ́mọ tọ̀ sí i lára. "Ah-ah! Siuyin, you no get shame? You don piss for my wrapper!" Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo yíjú kí n rí i bí inú Màdáàmù ṣe ń dùn tó.

Ojú rẹ̀ ti funfun bí abọ́ tí a kò tíì tẹ òdòdó sí. Ó dìde, ó gba àárín èrò kọjá, kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Mo rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń wá. Nígbà tó yá ni mo gbọ́ ìró mọ́tò rẹ̀ lójú títì.

Kò wá mọ́. Fúláàsìkì tó ti ń rán wá lójoojúmọ́ látìgbà tí mo bímọ dáwọ́ dúró. Ọkọ mi lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó kí Máníjà, Máníjà kò dáhùn. Wọ́n ní àwọn obìnrin yàrá òdòdó ń sọ pé Yoruba woman ti fi Màdáàmù ré. Èmi! Inú bí mi. Mo ní kó jókòó sílé rẹ̀, pé bí mo bá fi orúkọ rẹ̀ yẹ́ ẹ sí tí kò mọ ìyẹ́sí, ọwọ́ tèmi mọ́. Mo sọ ọ́ tariwo-tariwo. Lẹ́yìn náà mo wo ọmọ, n kò lè pè é. Mo kàn gbé e mọ́ra. Nínú gbogbo Benin, ẹni kan ṣoṣo tí mo lè pè ní èèyàn mi nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ nù, n kò tilẹ̀ mọ ohun tí mo fi sọ ọ́ nù.

Mo gbé ọmọ pọ̀n, mo lọ sí ilé tẹlifóònù.

"Màámi, ẹ kú ewu ọmọ o. Orúkọ Màdáàmù wa ni mo fún un."

Màámi kò pariwo. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Háà. Nígbà wo ló kú?"

"Ta ló kú, Màámi?"

"Màdáàmù náà. Ṣé o kò ní orúkọ rẹ̀ lo fún ọmọ ni?"

"Kò kú o! Ó wà níbẹ̀, ó jókòó síwájú."

"Níṣojú rẹ̀?" Ariwo rẹ̀ ti padà dé. "Ìwọ ọmọ yìí! Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ bá bímọ lónìí, tó ní Yétúndé lòun sọ ọ́, tí èmi ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó síbẹ̀ tí mò ń jẹ ìrẹsì, ṣé ó yẹ́ mi sí ni àbí ó ní kí n máa lọ?"

Mo gbá àyà mi. Mo ní ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì òyìnbó nílé wa ńkọ́? Màámi ní àwọn òyìnbó ló mọ tiwọn, pé ta ló sọ fún mi pé gbogbo ẹni tí awọ rẹ̀ bá ti funfun, ìyá kan náà ló bí wọn? Kí n lọ bẹ obìnrin náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ibẹ̀ ni tẹlifóònù ti já.

Mo kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ Alàgbà, mo ní kó bá mi gba orúkọ náà padà. Alàgbà bínú. Ó ní orúkọ tí a ti fi oyin sí lẹ́nu, tí a ti gbàdúrà lé lórí, ṣé iyán ni tí a ó fi tún un gún? Mo ní, "Alàgbà, Sáráì ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run kò sọ ọ́ di Sárà nígbà tó ti darúgbó? Tèmi kò tíì pé oṣù kan!" Mo tún ọmọ pọ̀n dáadáa. Mo gbéra.

Ilé Màdáàmù wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́, ní Aduwawa. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wò mí, ó wo ọmọ lẹ́yìn mi. Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí símẹ́ńtì.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màdáàmù. N kò mọ̀. N kò ní kí ẹ kú. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n ní in lọ́kàn láé."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ìyá mi ni."

"Ìyá rẹ ti dé Ṣáínà rí?"

"Ìyá mi kò tíì dé Benin rí, mà."

Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ kí n rí i. Ó fà mí dìde, ó fi mí jókòó. Ó wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní lọ́dọ̀ tiwọn, a kì í mú orúkọ àgbàlagbà tó wà láàyè lé ọmọdé lórí. Òun ti wà nílé ọkọ láti ìgbà èwe òun, òun kò pe orúkọ ìyá ọkọ òun lẹ́ẹ̀kan rí. Mo ní èmi náà kò pe ti ìyá ọkọ mi rí! Ó ní lọ́jọ́ náà, bí wọ́n ṣe pariwo orúkọ òun, bíi pé wọ́n ń sọ fún òun pé àyè òun ti tán, pé ẹlòmíràn ti gbà á. Àìsàn ti ń ṣe òun láti ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, òun sì ti ń bẹ̀rù pé kí òun má lọ kú sí Benin kí òun tó rí ọmọ òun. "Wọ́n wá ń bú mi," ó ní. "Wọ́n ní n kò nítìjú. Wọ́n ní mo tọ̀ sára!"

N kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo fọwọ́ bo ẹnu, ó pẹ́ jù. Màdáàmù wò mí bí ẹni tó fẹ́ gbá mi létí, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú rẹ̀, ọmọ jí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ rọlẹ̀, ó gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Orúkọ mi, o kò bèèrè kí o tó mú un," ó ní. "Ká ní o bèèrè ni, èmi ni mo máa fún ọ ní orúkọ. Lọ́dọ̀ tiwa, àgbà ilé ló ń wá orúkọ fún ọmọ. Má pè é ní ohunkóhun títí oṣù kan á fi pé."

Nígbà tí oṣù náà pé, ó wá sí Ekenwan Road ní ọ̀sán gangan, ó wọ aṣọ pupa, èyí tí n kò rí lára rẹ̀ rí. Ó gbé agbọ̀n ẹyin tí wọ́n sè tí wọ́n kùn ní pupa fòò. Ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún ọmọ tó bá pé oṣù kan nìyẹn, pé kí a pín in kárí ilé. Ìyàwó onílé wo ẹyin pupa náà, ó bèèrè pé irú adìẹ wo ló yé e. Màdáàmù gbé ọmọ lé itan, ó mú ẹfun lápò, ó kọ àmì kan ṣoṣo sára ilẹ̀kùn wa.

"An," ó ní.

Ó fi ìka tẹ̀ lé e. Ohun tó wà lókè yìí, òrùlé ni. Ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀ yìí, obìnrin ni. Obìnrin tó jókòó lábẹ́ òrùlé, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, kò sí ewu: ohun tí An túmọ̀ sí nìyẹn. Ó ní àtayébáyé ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ọkùnrin ń jẹ́ ẹ, obìnrin ń jẹ́ ẹ, ìlú ńláńlá wà tó ń jẹ́ ẹ pẹ̀lú. Mo bèèrè bóyá òun náà wọ́pọ̀ bíi Ṣiuyín. Ó ní ó wọ́pọ̀ gan-an, torí pé kò sí òbí tí kò fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ara mi tú pẹ̀ẹ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí. Alàgbà náà gbọ́ orúkọ yìí, ó ní Ánà inú Bíbélì ni, ó fi oyin sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kejì láìjanpata. N kò tọ́ ọ sọ́nà.

Mo máa ń wo ilẹ̀kùn yẹn lẹ́yìn tó lọ tán. Ẹfun náà pẹ́ níbẹ̀ kí òjò tó fọ̀ ọ́ dànù. Láti ìgbà tí mo ti dé Benin ni mo ti ń kà á sí ibi tí mo kàn fi ẹsẹ̀ kan dúró sí. Mo ń dúró de ọjọ́ tí a ó padà sílé, n kò ra àga tó wúwo, n kò gbin nǹkan kan. Àṣé Màdáàmù náà, tó ti ọ̀nà jíjìn ju tèmi lọ wá, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe. Ẹni méjì tí ìkíni òwúrọ̀ ìlú náà kò kàn la jọ fún ọmọ kan lórúkọ níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ra àga onírọ̀rí. Mo gbin efinrin sẹ́yìn fèrèsé. Nígbà tí mo pe Màámi, tí mo sọ ìtumọ̀ orúkọ náà fún un, ó ní, "Ìyẹn dáa. Ó yẹ kí àwa náà ní irú ẹ̀." Mo ní a ní in, Màámi, ọ̀pọ̀ ló wà. Ó ní òun mọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Obìnrin yàrá òdòdó kan bímọ, ọmọ Benin ni, ó sọ tirẹ̀ náà ní An. Ẹlòmíràn láti Auchi bí ọkùnrin, An! Kí An tèmi tó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, bí èèyàn bá dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ tó sì pe orúkọ náà, àwọn ọmọ á sáré yọ láti igun gbogbo. Màdáàmù a máa di ìbàdí mú. Ó ní òun rò pé òun ti kúrò níbi tí gbogbo èèyàn ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. An tèmi ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́ títí, Píjìn ni yóò fi dá mi lóhùn. Bí mo bá ní "An, wá gbálẹ̀," á ní "Mummy, I dey come." Màdáàmù nìkan ló ń kí pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ láìjẹ́ pé mo ṣẹ́jú sí i. Ó ń pè é ní Màmá.

Nígbà tí náírà já wálẹ̀, tí irin abọ́ kò wọlé dáadáa mọ́, Màdáàmù àti Máníjà palẹ̀ mọ́. Ẹkún la fi sìn wọ́n. Mo bá wọn di ẹrù títí ó fi tán. Màdáàmù pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbé ọwọ́ lé orí An, ó ní:

"Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí náà á bímọ. Bí mo bá ti kú nígbà náà, bí ó bá bí obìnrin, ẹ lè sọ ọ́ ní Ṣiuyín. Nígbà náà, kò ní bí mi nínú. Màá mọ̀ pé ẹ̀ ń pè mí padà wá sí Benin."

Mo ní, "Màdáàmù, ẹ yé sọ ọ́!" Ó ní kí n dákẹ́, pé ọ̀dọ̀ ìyá mi, nínú ọ̀rọ̀ Yétúndé tí mo ròyìn fún òun, ni òun ti kọ́ ọ.

A ní tẹlifóònù nílé báyìí. Gbogbo ọdún Kérésìmesì ni Màdáàmù ń pè láti Hong Kong. An ló máa ń sáré gbé e, àwọn méjèèjì á máa fi Píjìn rojọ́, tí n kò ní rí i gbà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè kò yí padà.

"Ṣé ohùn Màmá le?"

"E strong well well, Mummy. She dey shout."

Mo máa ń rọra jókòó. Ọlọ́run ṣeun. Kò sí ẹnikẹ́ni nílé wa tó ń jẹ́ Ṣiuyín.